RN tó fẹ́ gòkè lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: BNSc ni àbí post-basic ló yẹ kó ṣáájú?

Nọ́ọ̀sì_Ìséyìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. RN (nọ́ọ̀sì tó ti gba ìforúkọsílẹ̀) ni mí, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Mo ti ń sún mọ́ ọdún méjì, ìwé ìfìdímúlẹ̀ mi lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi: BNSc (dígírì nọ́ọ̀sì) ní NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé; post-basic (ẹ̀kọ́ àkànṣe lẹ́yìn RN) ti tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ; tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé láti lọ ṣiṣẹ́ ní UK. Owó ọwọ́ mi kò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan ṣe ń lọ gan-an ni kí ẹ bá mi sọ.

Mátíròn_Àgbà

Àbúrò, káàbọ̀. Kí o tó mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé ìfìdímúlẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ lé. Ọdún méjì ni òfin iṣẹ́ ìjọba fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Ẹni tí wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kì í rí àyè gbà láti lọ kàwé, orúkọ rẹ̀ kì í sì í wọ ìwé ìgbéga. Ìwé náà kì í dédé wá bá èèyàn níbi tó jókòó sí. Kọ lẹ́tà, gba ọwọ́ olórí wọ́ọ̀dù rẹ lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, kí ó tó dé ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́. Fi ẹ̀dà ìwé ìgbàsíṣẹ́, ìwé ìlera, ìwé ọjọ́ ìbí, láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti fọ́ọ̀mù APER (èyí tí ọ̀gá fi ń díwọ̀n iṣẹ́ èèyàn) ti ọdún kọ̀ọ̀kan tì í. Ẹ̀dà tìrẹ ńkọ́? Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Lẹ́tà tí kò ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, bó bá sọnù lórí tábìlì ẹnìkan, bí ẹni pé o kò kọ ọ́ rí ni.

Àkàbà iṣẹ́ wa rèé: Nursing Officer II, Nursing Officer I, Senior, Principal, Assistant Chief, Chief, lẹ́yìn náà Assistant Director, Deputy Director, Director. Lórí ìwé, ọdún mẹ́ta ni èèyàn gbọ́dọ̀ lò lórí ipele kan kí wọ́n tó gbé e ga, títí dé ipele 14. Láti 15 lọ sókè, ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Nursing Officer II lórí ipele 08 tí kò pàdánù ìgbéga kankan á lo ọdún 15 kó tó di Chief, ọdún 18 kó tó di Assistant Director, ọdún 26 kó tó di Director. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọmọ ọgọ́ta ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ni ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà, àyè wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dé òkè kò pọ̀, ohun tó sì ń dá ọ̀pọ̀ dúró kò ju ìwé lọ. APER ọdún kan ṣoṣo tí kò sí nínú fáìlì tó láti fa orúkọ rẹ yọ, torí ti ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni wọ́n ń béèrè. Má jẹ́ kí olórí wọ́ọ̀dù tó fẹ́ yípadà sí ilé ìwòsàn mìíràn lọ láìfọwọ́ sí tìrẹ.

Ní ti ìbéèrè rẹ: BNSc ni kó ṣáájú.

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì

Mo fara mọ́ Mátíròn lórí BNSc, mo sì fẹ́ la ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni yunifásítì gbogbo ọjọ́. Ìwé RN ni wàá fi gba Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, wàá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, 200 level, ọdún mẹ́rin ló kù. Ibadan ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì láti 1965, Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n o kò lè máa ṣiṣẹ́ alẹ́ kí o sì máa wà ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí ìjọba kò bá yọ̀ǹda fún ọ pẹ̀lú owó oṣù, ebi ni.

Ìkejì ni NOUN. Àwọn tó ti ní RN nìkan ni BNSc ibẹ̀ wà fún, iṣẹ́ rẹ kò sì ní bọ́. Àwọn iṣẹ́ TMA (iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún máàkì) gba máàkì 30, ìdánwò ìparí gba 70. Ọ̀pọ̀ máa ń fojú di TMA torí pé wọ́n lè ṣe é nínú ilé. Ẹni tó bá gba 12 nínú 30 ti gbé ẹrù wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn náà wà nínú rẹ̀, ó ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí náà wo kàlẹ́ńdà wọn kí o tó tọrọ ìsinmi ọdọọdún rẹ. Má lo ìsinmi yẹn fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ nínú oṣù kẹta kí wọ́n wá pè ọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ nínú oṣù karùn-ún.

Ohun méjì ló ń dá àwọn èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni WAEC. Kíréédìtì márùn-ún ni wọ́n fẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì. Físíìsì ló sábà máa ń ṣẹ́ kù. Bí kò bá sí nínú tìrẹ, forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tó ń bọ̀. Má rò pé RN yóò rọ́pò rẹ̀. Ìkejì ni orúkọ. Orúkọ tó wà lórí WAEC, lórí ìwé RN, lórí láísẹ́ǹsì àti lórí ìwé ìgbàsíṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu, àti àmì dáàṣì àárín orúkọ. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó tó yí orúkọ padà ní ibi iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò yí i padà lọ́dọ̀ Council (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà) yóò rí ìdádúró. Ìwé ìbúra kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn àti ìwé ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń béèrè. Ṣe é kí o tó nílò rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀: gba ìwé ìyọ̀ǹda kí o tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ NOUN ni. Lẹ́yìn tí o bá parí, tí o bá mú ìwé ẹ̀rí lọ fún conversion (kí wọ́n fi ìwé tuntun náà yí ipò rẹ padà), ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi ọ́ ni pé ta ló fún ọ láyè. Conversion kì í ṣe ẹ̀tọ́ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Àyè gbọ́dọ̀ wà, lẹ́tà rẹ gbọ́dọ̀ wọlé, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì ni wọ́n máa ń ka ipò rẹ láti ibẹ̀.

Ọ̀gá_Tíátà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn díẹ̀. BNSc ń gbé ipele sókè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní BNSc tí kò mọ iṣẹ́ kan ju èkejì lọ, wọ́n á máa gbé e láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Post-basic ló ń fún ọwọ́ ní iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá oṣù 18. UCH Ìbàdàn ń kọ́ ti tíátà, Arò ní Abẹ́òkúta ń kọ́ ti ọpọlọ, Ìgbòbì ń kọ́ ti egungun. Ìdánwò ìwọlé wà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà.

Kí ló máa ń bàjẹ́? Ilé ìwòsàn á rán èèyàn lọ, ẹni náà á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun á padà wá sìn wọ́n fún ọdún báyìí báyìí, tó bá padà dé, wọ́n á gbé e sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó ń lọ tí ń bọ̀. Tíátà wọn kò ní ju iṣẹ́ abẹ méjì lọ́sẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ṣẹ́ á wá dẹ. Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, béèrè iye iṣẹ́ abẹ tí ilé ìwòsàn rẹ ń ṣe lóṣù, béèrè iye nọ́ọ̀sì tíátà tó wà níbẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n kọ ẹ̀ka tí wọn yóò gbé ọ sí sínú lẹ́tà ìyọ̀ǹda náà.

Àti pé má dúró de ilé ẹ̀kọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Tọrọ àyè láti máa wọ tíátà ní ọjọ́ ìsinmi rẹ, kí o sì wo kíka swab (aṣọ tí a fi ń nu ẹ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ) dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéré jù: kí wọ́n tó la awọ, kí wọ́n tó pa inú dé, kí wọ́n tó rán awọ. Ẹni méjì ló ń kà á, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n ń kọ ọ́ sórí pátákó. Swab ìdì márùn-ún márùn-ún ni. Bí ìdì kan bá jẹ́ mẹ́rin láti inú páálí, gbogbo ìdì náà á jáde kúrò nínú yàrá, a kì í fi "mo mọ̀ pé mẹ́rin ni" ka nǹkan. Ibi tó ti ń yí padà di àṣìṣe ni ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì láàárín iṣẹ́ abẹ tí wọn kò sì tún un kà. Nọ́ọ̀sì tó bá ti ní èyí lọ́wọ́, ojú tí wọ́n fi ń wò ó níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń yàtọ̀.

Agbẹ̀bí_Ìjẹ̀bú

Kò sí ẹni tó dárúkọ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù obìnrin ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù 18 ni fún RN, lẹ́yìn rẹ̀ o di RN/RM (nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí), kò sì sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò nílò rẹ̀, láti Lagos dé abúlé tó jìnnà jù. Tíátà gbọ́dọ̀ ní iná, ẹ̀rọ àti dókítà abẹ kí iṣẹ́ tó wà. Obìnrin ń bímọ níbi gbogbo.

Àbúrò, ohun tí mo fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ lónìí ni ìwé kékeré kan tí wàá máa kọ ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe sí. Kì í ṣe "mo tọ́jú aláìsàn." Kọ ohun tí o ṣe, bí o ṣe ṣe é, ohun tí o ń ṣọ́, ẹni tó wò ọ́. Àpẹẹrẹ: gìrì aboyún. Magnesium sulphate 4 g sínú iṣan, èyí tí a ti pò di ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ 5 g sí ìdí ọ̀tún, 5 g sí ìdí òsì. Àpapọ̀ 14 g. Lẹ́yìn náà 5 g ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ìdí kan sí èkejì. Kí a tó fún un ní ti ẹ̀ẹ̀kan sí i: mímí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ta bí a bá lù ú, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 30 ml ní wákàtí kan. Calcium gluconate 1 g, oògùn tó ń pa agbára magnesium, gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ ní àkókò tó yẹ láìwo ìtọ̀, torí kò sí kátítà (rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde). Oògùn yẹn, kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Bí ìtọ̀ bá dín, oògùn ń pọ̀ nínú ara.

Ẹni tó lè kọ ojúewé kan bẹ́ẹ̀ lórí ohun mẹ́wàá ti ní ohun tó lè fi han ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìséyìn

Ẹ ṣeun gan-an, mà, ẹ ṣeun, sà. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ìwé UK nígbà tí mo ń ka BNSc lọ́wọ́? Àwọn kan ní kí n sáré san owó CBT (ìdánwò orí kọ̀ǹpútà fún UK) kí ó má baà wọ́n sí i.

RN_Lọ́ńdọ̀nù

Má sáré san owó kankan o. Wo bí ìwé ṣe ń tẹ̀ léra.

NMC (àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK) ń béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì (IELTS tàbí OET), ìdánwò CBT, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Council ti Nàìjíríà, ìwé ìlera àti ìwà, lẹ́yìn náà OSCE (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) ní UK. IELTS Academic: 7 ní kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 ní kíkọ. OET: B ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, C+ ní kíkọ. Ọdún méjì ni èsì IELTS ń lò kó tó kú. Ìwé ẹ̀rí Council láti Abuja ló sì ń pẹ́ jù. Ìkéde tí Council ṣe ní oṣù kejì 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, sọ pé ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí láísẹ́ǹsì gbére rẹ̀ jáde, kí lẹ́tà ìwà rere wá láti ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, kí láísẹ́ǹsì ṣì ní oṣù mẹ́fà sí i, àti pé iṣẹ́ lórí rẹ̀ yóò gba oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́de lórí rẹ̀ ní Abuja àti Lagos nínú oṣù kejì yẹn kan náà. Wo ojú òpó Council fún èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí fi ojú rẹ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe IELTS, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà ìwà rere, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ dá lẹ́tà náà dúró fún oṣù mẹ́rin, tí Abuja gba oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ti jẹ nǹkan bí ọdún kan nínú èsì rẹ̀ láìtíì ṣe ohunkóhun. Ìwé tó ń pẹ́ tí kì í kú ni kó ṣáájú. Ìdánwò tó ń kú ni kó kẹ́yìn.

Owó náà kò kéré. Ní 2024, ó jẹ́ £140 fún àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, £83 fún CBT, £794 fún OSCE, £153 fún ìforúkọsílẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn á san OSCE fún ọ, òmíràn á kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wàá dá a padà bí o bá kúrò kí ọdún kan pé. Ka ojúewé yẹn.

Àti pé ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á bá yín jókòó ṣe CBT. Ní 2023, NMC rí i pé èsì láti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò bára mu, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn tí kò jẹ̀bi pàápàá. NMC ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

BNSc ńkọ́? UK kì í béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ RN sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Band 5 (ipele owó oṣù nọ́ọ̀sì tuntun ní ilé ìwòsàn ìjọba UK) ni gbogbo wa ń bẹ̀rẹ̀ sí, láti Band 6 lọ sókè sì ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí èèyàn ti kà àti ohun tó ti darí. Ẹni tó kúrò nílé láìní dígírì á kà á níbí pẹ̀lú owó tó wọ́n ju ti NOUN lọ fíìfíì.

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun, RN_Lọ́ńdọ̀nù. Apá ìṣirò nínú CBT, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù lásán ni. Dókítà kọ lítà kan fún wákàtí mẹ́jọ. Sẹ́ẹ̀tì dírípù ẹ̀kán 20 fún ml kan: 1000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480, 20,000 tí a pín sí 480 jẹ́ 41.7, ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n wo ara ọ̀rá sẹ́ẹ̀tì náà kí o tó ṣírò. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kán 60, 125 ni ìdáhùn. Ẹni tó fi 42 sí sẹ́ẹ̀tì ẹ̀kán 60 ń fún aláìsàn ní 42 ml ní wákàtí kan, lítà náà á sì gba nǹkan bíi wákàtí 24. Aláìsàn á gbẹ, gbogbo wa á máa wá ìdí rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ohun tó fa á wà lára ọ̀rá tí a ti jù sínú garawa.

Nǹkan kan tún wà tó ń gbé nọ́ọ̀sì ga tí kò ná an ní owó: àyẹ̀wò iṣẹ́ wọ́ọ̀dù. Mú fólídà 20, wo ọjọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí a máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ ni, àpapọ̀ 120. Ká ní 78 ló wà níbẹ̀, ìyẹn 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Dúró ná, wo wákàtí tó ń ṣófo. Bó bá jẹ́ ti aago méjì òru ni, nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́ọ̀dù kejì náà ń yá lò. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní tún un ṣe, ẹ̀rọ kejì ni yóò tún un ṣe. Mú iye yẹn lọ bá Mátíròn, kí o tún un kà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí o kọ ọ́ sí ojúewé méjì. Yọ orúkọ àwọn aláìsàn kúrò, kí o sì gba àyè kí o tó ṣí fólídà.

Mátíròn_Àgbà

Olùkọ́ ti sọ ọ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó mú iye wá bá mi, mo lè fi ìwé rẹ̀ tọrọ ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn alákòóso. Èyí tó wá sọ pé "Mátíròn, iṣẹ́ pọ̀," àánú rẹ̀ nìkan ni mo lè ṣe.

Ọ̀gá_Tíátà, mi ò bá yín jà lórí post-basic o. Àkókò ni mo ń sọ. Ó ṣì kéré, ìyọ̀ǹda fún post-basic sì máa ń gba orúkọ lórí ìlà. Kó bẹ̀rẹ̀ NOUN bí wọ́n bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó fi orúkọ sórí ìlà post-basic, kó tó kan án, BNSc á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀gá_Tíátà

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n kó má fi orúkọ sórí ìlà lẹ́nu lásán. Lẹ́tà ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìséyìn

Mo ti ń kọ lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ báyìí. Ìbéèrè kan ló kù: láísẹ́ǹsì mi á parí nínú ọdún tó ń bọ̀, mi ò tíì lọ sí MCPDP (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́) kankan. Ṣé mo ti pẹ́?

Olùkọ́_Nọ́ọ̀sì

O kò tíì pẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di oṣù tó kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń tún láísẹ́ǹsì ṣe, láìsí ìwé ẹ̀rí MCPDP, Council kò ní tún un ṣe. Ibi tí Council fọwọ́ sí nìkan ni kí o lọ; béèrè nọ́ńbà ìfọwọ́sí wọn kí o tó sanwó. Kí o tó kúrò níbẹ̀, wò ó bí orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ bá pé lórí ìwé ẹ̀rí náà, torí álífábẹ́ẹ̀tì kan tó yàtọ̀ á dá ọ dúró lórí ojú òpó Council. Fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì rẹ ní ibi iṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ yẹn. Oṣù mẹ́ta kí láísẹ́ǹsì tó parí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.